Ìwé tí Ń Ṣí Lọ Nígbà tí Iṣẹ́ Kò Dúró

Ní ọjọ́ 27 oṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Ara Ìpínlẹ̀ Kwara ni a ti gé apá kan rẹ̀, a sì gé apá kejì lára Ìpínlẹ̀ Benue. Láti ọjọ́ náà ni ìwé àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn akọ̀wé tí wọ́n jẹ́ ará Kàbà, Lọ́kọ́jà àti Òkénè, tí ó ti wà nínú àpótí ìwé ní Ìlọrin, ti di ohun tí ó yẹ kí a kó lọ sí Lọ́kọ́jà. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ìlọrin mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Máàyù ọdún 1967, Kaduna tí í ṣe olú-ìlú Ìhà Àríwá ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹkùn Ìlọrin àti ẹkùn Kàbà wà. Títí di òní olónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìwé àtijọ́ ti ẹkùn Ìlọrin kò lè ṣe é kí ó má dé Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba tí ó wà ní Kaduna.

Ẹni tí ó bá ń wo irú iṣẹ́ yìí láti òkèèrè lè rò pé ọkọ̀ akẹ́rù ni ìṣòro rẹ̀. Ọkọ̀ kọ́. Ìwé tí ó ti wà nínú àpótí kò ní ẹsẹ̀. Bí a bá kà á, tí a dì í, tí a sì gbé e, yóò dé ibi tí ó ń lọ. Èyí tí ó máa ń sọnù ni lẹ́tà tí ó dé ní ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ ti gbéra: lẹ́tà ìgbéga olùkọ́, ìwé ikú òṣìṣẹ́, ìwé ìsinmi abiyamọ. Fáìlì ti lọ, lẹ́tà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Bí kò bá sí akọ̀wé kan tí ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni láti kó irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jọ, kí ó sì máa rán wọn tẹ̀lé fáìlì, olùkọ́ tí a gbé ga ní Ìlọrin yóò dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ tuntun pẹ̀lú owó oṣù àtijọ́.

Lónìí, ọ̀ràn yìí kan náà ti padà dé. Àwọ̀ nìkan ni ó yí padà. Orúkọ àwọn tí ń san owó-orí, ti àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, ti àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ti àwọn onílẹ̀, inú kọ̀ǹpútà ni púpọ̀ nínú wọn wà nísinsìnyí. Àkójọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní database. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, àká àkọsílẹ̀ ni a ó máa pè é. Kọ̀ǹpútà kan tí ó jókòó sí igun ọ́fíìsì ni ó sábà máa ń gbé irú àká bẹ́ẹ̀ ró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń kú lójijì nígbà tí akọ̀wé wà láàárín iṣẹ́, tàbí bí òjò ṣe ń jò sórí ẹ̀rọ, yóò mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń kó àká wọn lọ sí ibi tí a ń pè ní cloud.

Àwọsánmà ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun lójú ọ̀run. Ilé ràgàjì ni, tí ó kún fún kọ̀ǹpútà láti ilẹ̀ dé àjà, tí ó ní iná mànàmáná tirẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn sì ń háyà àyè nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣí tirẹ̀ ní ilẹ̀ South Africa ní ọdún 2019, Amazon ṣí tirẹ̀ ní Cape Town ní ọdún 2020, Google sì ṣí tirẹ̀ ní Johannesburg ní ọdún 2024. Okùn abẹ́ òkun ni ó so irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ wa.

Ọ́fíìsì kékeré tí ó bá lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, kí ó sì ṣí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kò nílò gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí, kí ó má sì jẹ́ kí oníṣòwò kankan fi ọgbọ́n tà á fún un. Kí ó dá iṣẹ́ dúró, kí ó da àká rẹ̀ kọ, kí ó kà á, kí ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kò lè sọ fún aboyún pé kí ó dúró di Mọ́ńdè, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìfowópamọ́ kò lè ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ́ pé ọjà dàrú. Irú wọn ní láti máa ṣí lọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Iṣẹ́ adàwékọ méjì ni èyí gbà.

Adàwékọ kìíní ń da ìwé ńlá kọ, èyí tí gbogbo orúkọ wà nínú rẹ̀, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Adàwékọ kejì kò wo ìwé ńlá rárá. Ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó dojú kọ. Gbogbo ẹni tí ó lọ sí ilé-ìwé mọ̀ pé ọ̀gá ilé-ìwé ní ìwé kan tí ó ń kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sí: ọmọ tí ó dé, ọmọ tí ó lọ, àlejò tí ó bẹ̀ wọ́n wò. Àká àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà náà ní irú ìwé yìí. Kí ó tó fi ọwọ́ kan ìwé ńlá ni yóò ti kọ àyípadà sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ pé iná lọ, ohun tí a ń ṣe sì sọnù. Oracle, MySQL àti PostgreSQL, tí wọ́n jẹ́ àwọn àká tí a ń lò jù, gbogbo wọn ni ó ní in, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olúkúlùkù ní orúkọ tí ó ń pè é. Adàwékọ kejì yìí ni ó ń kó àyípadà lọ sí ilé tuntun. Bí àwọn ènìyàn bá kígbe lẹ́yìn ìṣíkiri pé orúkọ àwọn sọnù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sábà yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní obìnrin kan tí ń ta aṣọ òkè ní Ọjà-Ọba, Ìlọrin, lọ san ₦4,000 owó-orí ní ọ́fíìsì kan ní ọjọ́ tí àká ọ́fíìsì náà ń ṣí lọ. Ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí kọ owó náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ ń lọ́ra; akọ̀wé kò rí òǹtẹ̀ lù ú títí aago fi di mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní aago mẹ́wàá géérégé ni àwọn adàwékọ méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Adàwékọ kìíní dé ojú ìwé obìnrin náà, ó rí i pé kò tíì ní òǹtẹ̀, ó sì rékọjá. Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí a kò lu òǹtẹ̀ lù lè jẹ́ èyí tí akọ̀wé yóò fagi lé. Adàwékọ kejì ṣí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ láti ojú ìwé aago mẹ́wàá. Nígbà tí ó yá, ó bá òǹtẹ̀ pàdé. Ṣùgbọ́n owó tí a tìtorí rẹ̀ lu òǹtẹ̀ ti wà ní ojú ìwé tí ó ṣáájú, èyí tí òun kò ṣí. Kò rí ohun tí yóò gbé, ó sì kọjá lọ ní tirẹ̀.

Báyìí ni owó obìnrin náà ṣe bọ́ sí àárín ẹni méjì tí olúkúlùkù wọn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Kò sí olè níbẹ̀, ẹ̀rọ kò sì ké. Ní ilé tuntun, ajigbèsè ni obìnrin náà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, bí a bá ṣe é kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Yálà kí a dúró títí gbogbo ohun tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ yóò fi gba òǹtẹ̀, tàbí kí adàwékọ kejì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé tí èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn tí kò tíì gba òǹtẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣíkiri tí Amazon gbé jáde ní ọdún 2016 máa ń dúró fún ìṣẹ́jú 10 bí ó bá fẹ́ ka Oracle. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 náà, bí ẹni tí ń ṣọ́ ọ kò bá ti sọ fún un pé kí ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìbáà ṣe pé gbogbo òǹtẹ̀ ti pé tàbí kò tíì pé. Ọ́fíìsì tí ó ní iṣẹ́ kan tí ń gba wákàtí kan gbáko kí ó tó parí, bí ìṣirò owó oṣù, kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ìṣẹ́jú 10 yẹn. Alẹ́, nígbà tí akọ̀wé ti lọ sílé, ni ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé a ti ya ojú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ kí adàwékọ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwé yìí kì í pẹ́ kún, nítorí náà àká kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí ó ń gbà sọ ojú ìwé àtijọ́ nù. Aago ni MySQL ń wò: láti ẹ̀yà 8.0 rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá pàṣẹ mìíràn, ọjọ́ 30 ni ó ń tọ́jú ojú ìwé kan. Ṣùgbọ́n bí MySQL náà bá wà lábẹ́ ìtọ́jú Amazon, tí ẹni tí ó ni ín kò sì sọ iye wákàtí tí ó fẹ́, ojú ìwé náà lè ti lọ láàárín àkókò kékeré. PostgreSQL ní tirẹ̀ kì í wo aago. Bí adàwékọ bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò ní sọ ojú ìwé kan nù títí adàwékọ yóò fi ránṣẹ́ pé òun ti kà á. Ìwà ọmọlúàbí ni èyí, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀: bí adàwékọ bá sùn, tàbí bí a bá pa iṣẹ́ náà tì láìpa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ìwé yóò máa kún, yóò máa kún, títí kò fi ní sí àyè nínú ẹ̀rọ mọ́, tí ọ́fíìsì àtijọ́ fúnra rẹ̀ yóò sì dá iṣẹ́ dúró. Láti ẹ̀yà 13, tí ó jáde ní ọdún 2020, a lè pàṣẹ fún un pé kí ó má tọ́jú ju ìwọ̀n kan lọ. Ẹni tí ó bá pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kí ó mọ̀ pé adàwékọ tí ó bá pẹ́ lẹ́yìn jù yóò pàdánù ipò rẹ̀, yóò sì ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ìdí tí adàwékọ fi lè pẹ́ lẹ́yìn kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Máàṣì ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ àwọn ilé ìfowópamọ́ àti ti àwọn tẹlifóònù dàrú ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àtúnṣe okùn náà sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí ó bá ń kó àká rẹ̀ lọ sí Cape Town ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí wákàtí 24 péré sì ni ó fi ń tọ́jú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, òfo ni. Ọjọ́ méje ni ó yẹ kí a fi ṣe ìwọ̀n tí ó kéré jù, àyè ìfipamọ́ ẹ̀rọ kò sì wọ́n tó owó tí a ó fi wá orúkọ tí ó sọnù.

Nígbà mìíràn, adàwékọ rí ojú ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà níbẹ̀ kò tó o. Bí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ bá kọ pé "a fi owó kún owó oṣù àwọn olùkọ́", tí kò dárúkọ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀, kò wúlò fún un. MySQL ní ọ̀nà méjèèjì. A ní láti rí i dájú pé ó ń kọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni orúkọ tí kò ní nọ́ńbà. Mélòó ni Aíṣátù Àlàó tí ó wà ní Ìlọrin nìkan? Bí àkọsílẹ̀ wọn kò bá ní nọ́ńbà tí ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, adàwékọ kò ní mọ ẹni tí yóò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí a bá fi irú tábìlì bẹ́ẹ̀ sínú ètò ìdàkọ PostgreSQL, yóò kọ̀ fún akọ̀wé láti ṣe àtúnṣe sí i, àní ní àká àtijọ́ pàápàá. Àwọn akọ̀wé a máa bínú sí i, ṣùgbọ́n kíkọ̀ yẹn sàn ju pé kí ó gbé owó ẹnì kan fún ẹlòmíràn.

Kì í sì í ṣe sísọnù nìkan ni àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ àká ni ó ní àṣẹ aládàáṣiṣẹ́: bí a bá ti kọ owó kan sílẹ̀, àká fúnra rẹ̀ yóò kọ ìlà kan sínú ìwé rìsíìtì. Ní àká àtijọ́, ìlà yìí ti wáyé, ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ sì ti gbé e. Bí adàwékọ bá gbé owó àti ìlà rìsíìtì rẹ̀ dé ilé tuntun, tí àṣẹ aládàáṣiṣẹ́ ilé tuntun náà sì jí, òun pẹ̀lú yóò kọ ìlà tirẹ̀. ₦4,000 di ₦8,000 nínú àròpọ̀ òpin oṣù, aṣọ́wó yóò sì di ẹni tí a ń bi léèrè owó tí kò sí. Kí a mú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ sùn ní ilé tuntun títí ọjọ́ ìṣílé, kí a sì kọ ọ́ sára ògiri pé a ní láti jí i padà, nítorí pé ìgbàgbé ìyẹn náà burú.

Èyí tí ó kan àwa tí ń kọ Yorùbá jù ni ti àmì. Àwọn àká àtijọ́ kan wà tí ètò lẹ́tà wọn mọ à, ṣùgbọ́n tí kò mọ Ọ tí ó ní àmì lábẹ́. Bí ètò lẹ́tà ilé tuntun, tàbí ti adàwékọ tí ń rìn láàárín, bá jẹ́ irú èyí, Ọ̀fà lè di ??fà: àmì ìbéèrè kan dípò Ọ, èkejì dípò ohùn ìsàlẹ̀ orí rẹ̀. Ètò tí a ń pè ní UTF-8 mọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè: lẹ́tà mẹ́ta ni ojú rí nínú Ọ̀fà, àyè mẹ́jọ ni ó ń lò nínú ẹ̀rọ. Bí ilé tuntun bá ń fi irú àyè yìí díwọ̀n orúkọ, tí a sì gé e mọ́ 20, orúkọ gígùn tí ó ní àmì yóò gé lẹ́nu. Orúkọ tí ó bá sì ti di àmì ìbéèrè kò ṣeé tún dá padà láti inú ara rẹ̀. Inú àká àtijọ́ nìkan ni a ti lè rí i.

Nígbà náà, kí ni òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ yóò ṣe bí obìnrin aláṣọ-òkè náà bá dé ojú fèrèsé? Kò ní sọ fún un pé "kò sí nínú kọ̀ǹpútà." Yóò kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti wákàtí tí ó wà lára rìsíìtì. Lẹ́yìn náà, yóò wo àká àtijọ́. Bí owó náà kò bá sí níbẹ̀, a kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí, ọ̀ràn náà kì í sì í ṣe ti ìṣíkiri. Bí ó bá wà níbẹ̀, tí kò sì sí ní ilé tuntun, yóò wá nọ́ńbà ojú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ tí adàwékọ dé. Bí adàwékọ kò bá tíì dé ibẹ̀, sùúrù ni ọ̀ràn náà gbà. Bí ó bá ti kọjá, a ó wo ìwé àwọn ohun tí ilé tuntun kọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ rere a máa ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì yani lẹ́nu bí ó ṣe ṣọ̀wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Bí kò bá sí níbẹ̀ náà, kí a lọ wo wákàtí tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti òǹtẹ̀ tí kò tíì pé.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ ṣe, bí àánú tilẹ̀ ṣe é: kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ owó náà sínú ilé tuntun nígbà tí adàwékọ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Bí ó bá kọ ọ́, tí adàwékọ sì gbé e dé ní ọ̀la, ó di méjì. Yàtọ̀ sí èyí, ìlà tí a fi ọwọ́ dí ti bo ihò tí ọgọ́rùn-ún ẹlòmíràn lè ti gbà jábọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe tẹ́ra mọ́ àròpọ̀ gbogbogbòò. Bí ọ̀kan bá sọnù, tí òmíràn sì di méjì, iye yóò bá ara mu, àká yóò sì tún jẹ́ èké. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni kí a kà, iye ènìyàn àti iye owó, kí a fi ti àtijọ́ wé ti tuntun.

Ó tún yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín àkọsílẹ̀ tí ó sọnù àti ilé tí kò ṣiṣẹ́. Ní oṣù Éépìrì ọdún 2018, ilé ìfowópamọ́ TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àká àwọn oníbàárà rẹ̀ tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù márùn-ún lọ sí ètò tuntun. Àkọsílẹ̀ dé láyọ̀. Ilé tuntun náà ni kò lè gbé ẹrù. Àwọn oníbàárà tí wọ́n tó 1,900,000 kò rí owó wọn wò, nígbà tí ó sì di oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 2022, àwọn aláṣẹ bu owó ìtanràn tí ó lé ní mílíọ̀nù 48 pọ́n-ùn lé ilé ìfowópamọ́ náà. Ní Nàìjíríà, láàárín oṣù Sẹ́tẹ́ńbà àti Òkítóbà ọdún 2024, àwọn ilé ìfowópamọ́ bíi Sterling, Zenith àti GTBank kó lọ sí ètò kọ̀ǹpútà tuntun, ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn ni kò sì rí iṣẹ́ ṣe dáradára fún ìgbà kan. Ẹni tí kò bá rí owó rẹ̀ lójú tẹlifóònù kò lè mọ èwo nínú méjèèjì ni ó ṣẹlẹ̀. Ọ́fíìsì ni ó ní láti mọ̀, kí ó sì sọ fún un ní tòótọ́.

Ní ọjọ́ ìṣílé gan-an, a ó dá kíkọ dúró ní àká àtijọ́, a ó dúró kí adàwékọ dé ojú ìwé ìkẹyìn, a ó kà, kí a tó ṣí ilẹ̀kùn tuntun. Kí a tún wo ònkà tí ń fún ènìyàn ní nọ́ńbà, nítorí pé ó wọ́pọ̀ kí òun má bá adàwékọ rìn. Bí àká àtijọ́ bá ti pín nọ́ńbà dé 48,210, tí ti tuntun sì ń ka ẹyọ kan, ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá wá forúkọ sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni yóò fi orí gbá a. Àká àtijọ́ kò sì gbọdọ̀ di pípa rẹ́ kíá. Kí a tì í fún kíkọ, kí a ṣí i fún kíkà, ó kéré tán títí owó ọdún kan yóò fi yípo.

Òfin Ìdáàbòbò Àkọsílẹ̀ Ènìyàn ti Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Júùnù ọdún 2023, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí a tún àkọsílẹ̀ tí ó ṣì nípa òun ṣe. Kí obìnrin aláṣọ-òkè náà má sọ rìsíìtì rẹ̀ nù nítorí pé wọ́n ní gbogbo nǹkan ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ yóò fi mọ ojú ìwé tí yóò ṣí.